Bí A Ṣe Ń Fi Àwòrán Sátẹ́láìtì Ṣọ́ Àwọn Òkè Ayọnáyèéfín Vanuatu

Vanuatu jẹ́ orílẹ̀-èdè kan nínú Òkun Pàsífíìkì, ní apá ìlà-oòrùn Ọsirélíà. Erékùṣù rẹ̀ lé ní 80, púpọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ orí òkè ayọnáyèéfín tí ó yọ sókè láti ìsàlẹ̀ òkun. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ti ń fi àwòrán sátẹ́láìtì ṣọ́ irú òkè bẹ́ẹ̀ yóò rí ibi gidi kọ́ ọ níbẹ̀, nítorí pé àwọn òkè náà tò tẹ̀lé ara wọn láti àríwá sí gúúsù, àwọn kan nínú wọn kì í sinmi, àwòrán tí a nílò sì wà lọ́fẹ̀ẹ́. Márùn-ún ni mo dá lábàá pé kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Gaua ní àríwá, Ambae, Ambrym, Lopevi, àti Yasur tó wà ní erékùṣù Tanna lápá gúúsù. Yasur kò ga ju nǹkan bíi mítà 360 lọ, ṣùgbọ́n James Cook rí iná rẹ̀ láti orí ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1774, iná ọ̀hún kò sì tíì kú títí di òní.

Ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni ìkànnì Copernicus Browser, níbi tí àwọn ará Yúróòpù ń kó àwòrán àwọn sátẹ́láìtì Sentinel sí. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ kí ẹ lè fi àwọn ibi tí ẹ ń ṣọ́ pamọ́. Nínú àpótí ìwákiri, ẹ tẹ -16.25, 168.12 fún Ambrym, -15.39, 167.84 fún Ambae, àti -19.53, 169.45 fún Yasur. Ẹ má ṣe gbàgbé àmì àyọkúrò tó ṣáájú nọ́ńbà àkọ́kọ́, torí pé òun ló ń sọ pé gúúsù ni a ń wò. Bí kò bá sí níbẹ̀, àárín agbami òkun lápá àríwá ni ẹ ó bá ara yín.

Àwòrán Sentinel-2 ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Sátẹ́láìtì méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí pọ̀, wọ́n sì ń kọjá lórí ibì kan náà lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún. Nínú àwọ̀ tí ojú ènìyàn ń rí, píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lọ nínú àwòrán, fẹ̀ tó mítà 10. Nínú àwọn bándì (ìpín ìmọ́lẹ̀ tí sátẹ́láìtì ń gbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) tí a ó fi wá ooru, ó fẹ̀ tó mítà 20. Kí ẹ tó máa wá iná kiri, ẹ padà sẹ́yìn nínú àkójọ náà, ẹ ṣa àwòrán bíi mélòó kan tí ìkùukùu kò bò, pàápàá láàárín oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹwàá nígbà tí òjò Vanuatu máa ń dín kù, kí ẹ sì fi mọ ojú òkè kọ̀ọ̀kan nígbà tí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Lórí Ambrym, ẹ ó rí pẹ̀tẹ́lẹ̀ eérú kan tó ṣú dúdú, tó rí rìbìtì, tó sì fẹ̀ tó kìlómítà 12. Inú rẹ̀ ni ẹnu òkè Marum àti ti Benbow wà. Lórí Ambae, adágún omi Voui ni kí ẹ máa wò. Àwọ̀ omi yìí tó kọ sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, nítorí pé ní ọdún 2006 omi náà kúrò ní búlúù, ó di pupa.

Àwọ̀ gidi nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń ṣe àkópọ̀ bándì fúnra ẹni, ẹ fi bándì B12 sí àyè pupa, B11 sí àyè àwọ̀ ewé, B8A sí àyè búlúù. Ìmọ́lẹ̀ tí ojú ènìyàn kò lè rí ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbà. Nínú àkópọ̀ yìí, igbó yóò fara hàn ní búlúù, òkun yóò dúdú, òkúta yíyọ́ yóò sì yọ kedere. Bí ooru náà kò bá pọ̀ púpọ̀, B12 nìkan ni yóò gbà á, àmì rẹ̀ yóò sì pupa; bí ó bá le sí i, B11 yóò gbà á pẹ̀lú, àmì náà yóò di yẹ́lò; bí àárín rẹ̀ bá wá funfun, a jẹ́ pé B8A pàápàá ti rí i, òkúta yíyọ́ náà sì wà ní gbangba láìsí èèpo tó bò ó. Ẹni tó bá kàn kọ "pupa" sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀ ti sọ ìdajì ọ̀rọ̀ nù.

Ọjọ́ tí a kọ sára àwòrán máa ń da ènìyàn rú, nítorí pé aago UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé, ni wọ́n ń lò, Vanuatu sì fi wákàtí 11 ṣáájú rẹ̀. Sentinel-2 máa ń kọjá lórí wọn nígbà tí aago mẹ́wàá àárọ̀ bá ti lù kọjá níbẹ̀, èyí tí ó jẹ́ lẹ́yìn aago mọ́kànlá alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ní UTC. Àwòrán tí a kọ ọjọ́ 14 sí, ọjọ́ 15 ni fún àwọn ará Ambrym. (Ní Nàìjíríà, ọ̀gànjọ́ òru ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni, nítorí náà ọjọ́ tiwa àti tiwọn dọ́gba; UTC ló dá yàtọ̀.) Ẹ kọ ọjọ́ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ má baà fi àwòrán òní ti ìròyìn ọ̀la lẹ́yìn.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó pupa ni iná òkè. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ máa ń sun igbó láti dá oko, nítorí náà àmì tó bá wà ní ìsàlẹ̀ òkè, lẹ́bàá abúlé, tí kò sì sí mọ́ nínú àwòrán tó tẹ̀lé e, iná oko ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Ti òkè kì í ṣí kúrò ní ẹnu òkè, àfi bí ilẹ̀ bá là.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ambrym ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, adágún òkúta yíyọ́ wà nínú Marum àti Benbow, ẹni tó bá sì ṣí àwòrán ọdún 2017 tí ìkùukùu kò bò yóò rí àmì méjèèjì tí wọ́n ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ní àárín oṣù Kejìlá ọdún 2018, ilẹ̀ inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà là, òkúta yíyọ́ ṣàn jáde díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwọn adágún náà fà gbẹ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí kò mọ̀ yóò wo àwòrán tó tẹ̀lé e, yóò ní òkè ti sùn. Òkè kò sùn rárá: òkúta yíyọ́ ti gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ìhà gúúsù-ìlà-oòrùn erékùṣù náà. Ilẹ̀ sán ní abúlé Pamal, àwọn ilé bàjẹ́, òkúta fífúyẹ́ tó ń léfòó sì gúnlẹ̀ sí etíkun, èyí tó jẹ́rìí sí i pé òkè ti bú lábẹ́ òkun. Nítorí náà, iná tó pòórá lójijì yẹ kó kọ yín lóminú ju iná tó ń jó bí ó ti máa ń jó lọ.

Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ìkùukùu tàbí èéfín ló bo ẹnu òkè. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, tàbí bí ẹ kò bá dájú, ẹ ṣí Sentinel-1. Rádà ni ti èyí. Ó ń rán ìgbì tirẹ̀ jáde, kò sì sí ìkùukùu tàbí òkùnkùn tó lè dí i lọ́wọ́. Ẹ gbé àwòrán ṣáájú àti ti ẹ̀yìn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ẹ sì rí i dájú pé ìhà kan náà ni sátẹ́láìtì ti wo méjèèjì, torí pé òjìji òkè máa ń yí padà bí ìhà bá yàtọ̀. Bí ìsàlẹ̀ ẹnu òkè bá ti rì, bí ó ti rì ní Ambrym, ẹ ó rí i. Wíwọn bí ilẹ̀ ṣe wú tàbí tó rì ní sẹ̀ǹtímítà jẹ́ iṣẹ́ tó jinlẹ̀ ju èyí lọ, igbó Vanuatu sì máa ń da ìgbì Sentinel-1 rú; ALOS-2 ti ilẹ̀ Japan, tí ìgbì rẹ̀ gùn jù ú lọ, ló ń ṣe dáadáa níbẹ̀.

Fún gáàsì imí-ọjọ́ tí à ń pè ní SO2, Sentinel-5P ni ẹ ó lò, èyí tó ń kọjá lójoojúmọ́ lẹ́yìn ọ̀sán gangan. Píksẹ́lì rẹ̀ fẹ̀ ní kìlómítà mélòó kan, nítorí náà kò lè sọ ẹnu òkè tí gáàsì ti jáde. Ambae àti Ambrym kò jìnnà sí ara wọn ju nǹkan bíi kìlómítà 100 lọ, afẹ́fẹ́ tó sì máa ń fẹ́ láti gúúsù-ìlà-oòrùn lè gbé gáàsì Ambrym sún mọ́ Ambae, kí ẹ sì ro pé ti Ambae ni. Ẹ wo ìtọ́sọ́nà afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kí ẹ tó dárúkọ òkè kankan. Ní oṣù Keje ọdún 2018, kò sí iyèméjì: Ambae tú gáàsì tó pọ̀ gan-an sójú ọ̀run, wọ́n sì tún kó gbogbo ará erékùṣù náà, nǹkan bí 11,000 ènìyàn, kúrò nílé bí wọ́n ti ṣe ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017.

Láàárín ọjọ́ márùn-ún sí ọjọ́ márùn-ún, Himawari-9 ti ilẹ̀ Japan ń ya àwòrán ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Kò rí ohun kékeré, ṣùgbọ́n bí eérú bá rú sókè, òun ló máa kọ́kọ́ rí i. Àwọn ìkànnì FIRMS ti NASA àti MIROVA ti Yunifásítì Turin ń fi sátẹ́láìtì ka ooru lójoojúmọ́, ẹ sì lè fi wọ́n yẹ ohun tí ẹ rí wò.

Ẹ la ìwé àkọsílẹ̀ kan sílẹ̀ fún òkè kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ UTC, ọjọ́ ibẹ̀, sátẹ́láìtì, ohun tí ẹ rí, àti ìpele ìkìlọ̀ tí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣọ́ òkè ní Port Vila, olú-ìlú Vanuatu, kéde lọ́jọ́ náà, láti 0 dé 5. Ìpele tiwọn ni kí ẹ máa tọ́ka sí bí ẹnikẹ́ni bá bi yín bóyá ewu wà, nítorí pé àwọn ní ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ilẹ̀ mímì, ẹ̀yin kò ní in. Lọ́jọ́ tí ìkùukùu bá bo òkè, ẹ má ṣe kọ "kò sí iná" sílẹ̀. "A kò rí ẹnu òkè" ni kí ẹ kọ.