Àwọn àṣìṣe tó ń ba ọ̀bẹ àkọ́kọ́ jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń dá a ṣe

Ọ̀pọ̀ ọ̀bẹ àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ní Kétu báyìí kò lè gé tòmátì. Wọ́n ń dán, èèkù wọn wuyì, fọ́tò wọn ti dé orí WhatsApp, ṣùgbọ́n kí ìyá ilé máa fi wọ́n gé nǹkan fún ọjọ́ kan péré, ojú wọn ti kú. Ẹni tó ṣe é á ní òun ni kò pọ́n ọn dáadáa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀bẹ náà ti kú kó tó dé orí òkúta tí wọ́n fi pọ́n ọn: irin ni kò dáa, tàbí iná ni kò jẹ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ibi méjèèjì yìí ni màá dúró lé jù, torí ibẹ̀ gan-an ni àwọn fídíò orí fóònù máa ń sáré kọjá.

Ògún ló ni gbogbo irin, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo irin ló lè di ọ̀bẹ. Má ṣa ọ̀pá irin tí àwọn bíríkìlà gé kù sílẹ̀. Irin ìkọ́lé rọ̀. Kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí irin lè le, sábà máa ń wà ní nǹkan bí 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún, ọ̀bẹ sì nílò tó 0.6 ó kéré tán. Bó o fẹ́ iná sí i láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní le. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń wá sípíríǹgì abẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kiri. Fáìlì àlòkù náà dáa, torí kábọ́ọ̀nù inú tirẹ̀ lè tó 1 nínú ọgọ́rùn-ún, kó tiẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ kí o ha ìpẹtà ara sípíríǹgì kúrò kó o tó fi ṣe ohunkóhun, kó o yẹ̀ ẹ́ wò níta gbangba. Èyí tó ti gbé ẹrù lórí ọ̀nà Pobè fún ọdún gbọọrọ lè ti là sínú láìsí ẹni tó mọ̀.

Má sì gba ẹnu ẹni tó ń ta irin gbọ́. Gé ẹ̀là kékeré kan lára rẹ̀, dáná sí i kó pọ́n, rì í sínú òróró. Tó bá tutù, fi aṣọ wé e, fi ẹ̀mú dì í mú, wọ awò ojú, kó o lù ú. Bó bá tẹ̀, kì í ṣe irin ọ̀bẹ. Bó bá ṣẹ́, tí ojú ibi tó ti ṣẹ́ jẹ́ eléérú, tí hóró rẹ̀ kúnná, o ti rí irin. Bí hóró náà bá tóbi tó ń kọ mànà, irin dáa o, iná rẹ ló pọ̀ jù.

Páìpù omi àti páànù tí wọ́n fi síǹkì bò, má kó wọn sínú iná rárá. Èéfín síǹkì máa ń fa òtútù àti ibà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, nígbà tó o ti délé, wàá sì máa wá oògùn ibà ẹ̀fọn kiri.

Ní ti gígé e sí àwòrán ọ̀bẹ, ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Má ṣe idà. Ojú tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8 sí 10 ti tó. Bó bá ti gùn jù, ó máa ń wọ́ tó bá kan òróró. Má sì fi lílù bẹ̀rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ìwọ ò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ bá ọ na sípíríǹgì náà tọ́, kí ẹ jẹ́ kó pọ́n, kí ẹ sin ín sínú eérú títí di ọjọ́ kejì. Á rọ̀ débi tí ayùn àti fáìlì á fi máa jẹ ẹ́. Níbi tí ojú ọ̀bẹ ti pàdé ìdí tó máa wọ inú èèkù, má ṣe igun ṣóńṣó, fáìlì roboto ni kó o fi yí i, torí inú igun bẹ́ẹ̀ ni irin ti ń là. Lu ihò èèkù nísinsìnyí, kó tó le. Má sì yọ́ ojú rẹ̀ tán: jẹ́ kó nípọn tó mìlímítà kan, torí ojú fẹ́lẹ́ máa ń jóná, á sì wọ́.

Ó wá ku iná. Ẹni tó gbé ìdáná rẹ̀ síta ní ọ̀sán gangan ti ṣìnà. Wo ilé àgbẹ̀dẹ àwọn bàbá wa: abẹ́ àtíbàbà ni, ó sì máa ń ṣókùnkùn díẹ̀. Àwọ̀ irin ni wọ́n fi ń mọ bó ṣe gbóná tó, oòrùn sì máa ń bo àwọ̀ náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wò ó nínú oòrùn á máa fẹ́ iná ṣáá títí irin á fi gbóná kọjá ààlà, lẹ́yìn náà ojú ọ̀bẹ á máa já wẹ́wẹ́. Bí ojú rẹ ò bá tíì mọ àwọ̀, wá òòfà inú rédíò tó ti bàjẹ́, so ó mọ́ wáyà. Irin tó bá ti gbóná tó nǹkan bí 770°C, òòfà ò ní fà á mọ́. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, dá a padà síná fún ìgbà díẹ̀, kó ràn díẹ̀ sí i, láàárín 800 sí 830, kó o wá mú un jáde. Máa fà á lọ fà á bọ̀ nínú èédú: ṣóńṣó rẹ̀ máa ń pọ́n kí ẹ̀yìn tó nípọn tó mọ̀ pé iná wà níbẹ̀.

Má rì í sínú omi. Wàá gbọ́ “tín!” kan, kékeré báyìí, kó o tó gbé e jáde. Ó ti là nìyẹn, kò sì sí àtúnṣe. Òróró ẹ̀pà ni kó o lò, kó o yá a díẹ̀ dé 50 tàbí 60°C, nínú agolo irin tó ga. Kì í ṣe ike. Kì í ṣe epo ẹ́ńjìnì àlòkù, tí èéfín rẹ̀ ń pani lára. Kí kẹ́ẹ̀gì kpayo, ìyẹn bẹntiróòlù ẹ̀bá títì, má sì sí nítòsí rárá. Òróró lè gbaná, torí náà ìdérí irin gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́. Bó bá gbaná, dé e, má da omi sí i. Ti ọ̀bẹ náà bọ̀ ọ́ tààrà, kó o máa gbé e sókè sódò. Bó o bá ń fì í sọ́tùn-ún sósì, yóò wọ́.

Fi fáìlì kàn án lójú. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ láìjẹ ẹ́, ó ti le. Bó bá ń jẹ ẹ́, tún un gbé síná, kò tíì bàjẹ́.

Ibí yìí ni inú ti ń dùn, tí àwọn ènìyàn á sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú òróró ti le jù. Tó bá já bọ́ sórí sìmẹ́ǹtì, ó lè ṣẹ́ sí méjì. Má jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀. Ha á kó funfun, kó o fi sínú fúù gáàsì, irú èyí tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, ní 200°C fún wákàtí méjì, jẹ́ kó tutù, kó o tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí fúù ò bá sí, mú irin kan tó nípọn, jẹ́ kó gbóná dáadáa, kó o fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ lé e. Wàá rí àwọ̀ tó ń rìn díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá sí ojú. Ní kété tí ojú rẹ̀ bá ti pọ́n bíi gààrí elépo, kó o tì í bọ omi. Tó bá dúró títí tó di àwọ̀ aró, líle rẹ̀ ti lọ.

Àwọ̀ aró kan náà ló máa ń yọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn nídìí ẹ̀rọ ìlọrin nígbà tí wọ́n bá ń yọ́ ojú ọ̀bẹ tó ti le, wọ́n á sì fi sáńpépà nù ún kúrò. Àwọ̀ nìkan ni sáńpépà nù, irin náà ti rọ̀. Ọwọ́ lásán ni kó o fi di ọ̀bẹ mú, láìsí ìbọ̀wọ́, torí ẹ̀rọ lè fa ìbọ̀wọ́ wọlé pẹ̀lú ọwọ́. Tó bá ti ń jó ọ níka, tì í bọ omi.

Tíìkì tàbí àpá ló dáa fún èèkù, bó bá ti gbẹ dénú. Igi tútù á sún kì, á sì fi irin sílẹ̀. Má gbára lé gọ́ọ̀mù nìkan. Fi ọ̀pá idẹ méjì há a. Má sì fún un pọ̀ títí gbogbo gọ́ọ̀mù á fi ṣàn jáde. Fi ìbòmú sí imú tó o bá ń rẹ́ igi náà, kó o sì fi aṣọ tó nípọn wé ojú ọ̀bẹ, torí ìdí èèkù ni ọwọ́ ti ń ya jù.

Tó bá yá tí wọ́n ti fi gé ẹran àti ọsàn, àwọ̀ eérú á yọ lára rẹ̀. Kì í ṣe ìpẹtà. Má fi iyanrìn ha á. Fọ̀ ọ́, nù ún gbẹ, fi òróró díẹ̀ pa á lára.