Kí ẹ tó ra láísẹ́ǹsì Windows Server, ẹ ka core yín ná

Iṣẹ́ mi ní Adó-Èkìtì ni kí n máa to server fún ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "VM mélòó ni server yìí lè gbé?" VM ni kọ̀ǹpútà tí a fi sọ́fítíwíà dá sínú server, tó ń ṣe bí ẹni dá dúró. Ó dáa láti mọ iye rẹ̀, àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ni owó ti ń bẹ̀rẹ̀. Processor ni ọpọlọ server, core sì ni ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Core inú server tó wà nílẹ̀ ni Microsoft sábà máa ń kà fún Windows Server, ìyẹn Windows tí wọ́n ṣe fún server. Bí onílé ṣe ń gba owó yàrá ni, ẹ̀ báà sùn sínú gbogbo rẹ̀, ẹ̀ báà tì í pa.

Ẹ tan server náà. Bí Windows bá wà lórí rẹ̀, ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ wá tẹ CPU. Nísàlẹ̀, ẹ ó rí Sockets, Cores àti Logical processors. Ẹ kọ iye Sockets (ìyẹn iye processor) àti Cores sí ìwé. Ẹ má wo ti Logical processors, ó máa ń jẹ́ ìlọ́po core lásán, kò kan láísẹ́ǹsì rárá. Bó bá jẹ́ Linux, ètò míì tó ń ṣe irú iṣẹ́ Windows, ni, ẹ tẹ lscpu.

Òfin náà, láti orí Windows Server 2016, rèé: gbogbo core inú server lẹ máa sanwó fún, owó processor kan kò gbọdọ̀ dín ní ti core 8, ti server kan kò sì gbọdọ̀ dín ní ti 16. Server kékeré tó ní core 6, owó 16 náà ló máa san. Àwọn tó ń ra Tòkunbọ̀ fẹ́ràn oníprocessor méjì, core 10 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, torí ó kún ojú. Core 20 nìyẹn: àpò láísẹ́ǹsì oní-16 kan, àti àpò oní-2 méjì lórí rẹ̀. Èmi ò ní ra irú ẹ̀. Processor kan ṣoṣo, core 16, kó yára dáadáa, ni mo máa ń bá oníbàárà wá.

Ó wá kan Standard àti Datacenter, oríṣi Windows Server méjì tí wọ́n ń tà; Datacenter ló wọ́n jù. Akápò ilé ìwòsàn kan ní Bàsírì, ìyá àgbà kan báyìí, bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé ti olówó gọbọi yẹn kọ́ ló dáa jù?"

Mo ní, "Mà, VM mélòó ni Windows máa wà nínú rẹ̀?"

Wọ́n ní mẹ́rin. A jókòó, a wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ń ṣọ́ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé òṣìṣẹ́, àti sọ́fítíwíà ìṣirò owó tí kò mọ nǹkan míì ju Windows lọ, méjì nìyẹn. Ibi ìkófáìlìsí àti ìwé àwọn aláìsàn tí wọ́n ń ṣí nínú browser, Ubuntu, irú Linux kan, gbé méjèèjì. Ubuntu LTS, ẹ̀dà tí wọ́n ń tọ́jú pẹ́, kò gba kọ́bọ̀, ọdún 5 ni wọ́n sì fi ń tún ihò ààbò rẹ̀ dí. VM Linux kì í jẹ nínú ààyè Windows. Standard kan tó wọn.

Ìdí ni pé Standard tí ẹ bá fi bo gbogbo core máa ń fún yín ní ààyè VM Windows 2. Ẹ fẹ́ 2 sí i? Ẹ tún gbogbo core rà lẹ́ẹ̀kan sí i. Datacenter kò ní òpin. Iye tí Microsoft kọ sórí Windows Server 2025, fún core 16, ni dọ́là 1,176 fún Standard àti 6,771 fún Datacenter. Ẹ ṣírò ó: títí dé VM 10, Standard ló dínwó, láti 11 lọ sókè, Datacenter ni.

Àmọ́ ẹ má fi host, ìyẹn server gangan tó gbé àwọn VM, ṣe iṣẹ́ míì. Bí ẹ bá gbé fáìlì tàbí Active Directory (èyí tó ń ṣọ́ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé òṣìṣẹ́) sórí host fúnra rẹ̀, ààyè VM kan ti lọ.

Àwọn kan rò pé Proxmox, sọ́fítíwíà míì tó ń gbé VM, á gbà wọ́n lọ́wọ́ kíka core. Proxmox fúnra rẹ̀ ọ̀fẹ́ ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀, pàápàá látìgbà tí ilé-iṣẹ́ Broadcom ti ra VMware, tó ń ta irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀, ní 2023 tí wọ́n sì dẹ́kun títa láísẹ́ǹsì àràlò-títí. Ṣùgbọ́n Windows tó bá wà nínú VM ibẹ̀, core server gangan ni wọ́n sábà máa ń kà fún un. Bí iná bá sì ń dà yín láàmú tí ẹ to server méjì kí VM lè sá sí èkejì, méjèèjì lẹ máa ra láísẹ́ǹsì fún lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́.

CAL, láísẹ́ǹsì àwọn tó ń wọlé lo server, ṣì wà ńlẹ̀, ó yàtọ̀ pátápátá sí ti core. Ẹ lè rà á lórí èèyàn tàbí lórí ẹ̀rọ. Ní ilé ìwòsàn tí nọ́ọ̀sì ọ̀sán àti ti òru ti ń lo kọ̀ǹpútà kan náà, ti ẹ̀rọ ni kí ẹ rà.

Bí ọkàn yín kò bá tíì balẹ̀, Microsoft ń fúnni ní Windows Server ọjọ́ 180 láti fi dánwò. Ẹ má kó iṣẹ́ aláìsàn gidi síbẹ̀. Ẹ to VM yín sínú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta máa wọlé sí i. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá bèèrè, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ sanwó fún.