Gbèsè tí ara mi ń san nígbà tí mo padà jẹun

Ọjọ́ tí mo wọ ilé ìwòsàn nítorí anorexia nervosa, àìsàn ọpọlọ tó ń mú kí ènìyàn máa fi ebi pa ara rẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù sísanra, mo rò pé oúnjẹ rẹpẹtẹ ni wọn yóò gbé síwájú mi. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbà. Dókítà ní bí ebi bá ti pa ara pẹ́, tí oúnjẹ wá dé lójijì, ínsúlìn, omi ara tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, á gbéra, á fa fọ́sífétì àti pòtásíọ̀mù, èròjà tí ọkàn àti iṣan nílò, kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì. Bí fọ́sífétì bá já wálẹ̀ jù, ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún mi ní fítámì B1 kí n tó jẹun, tí wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò lójoojúmọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ebi bá ti pa yín pẹ́, ẹ má dá oúnjẹ padà bẹ̀rẹ̀ nílé láìsí dókítà.

Ọ̀sẹ̀ kìíní le. Ẹsẹ̀ mi wú. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ọrùn ẹsẹ̀, kòtò kékeré á wà níbẹ̀, kò ní tètè dí. Mo sunkún, mo ní ọ̀rá ni. Nọ́ọ̀sì jókòó tì mí: "Omi ni. Ara rẹ ò tíì gbà pé ìyàn ti tán." Omi náà fà lóòótọ́.

Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ tó ń mú mi sanra tẹ́lẹ̀ ò mú mi sanra mọ́, bẹ́ẹ̀ mo ń jẹ ẹ́ tán. Lóru, òógùn á rin aṣọ ibùsùn mi gbindin. Nígbà tí ebi ń pa mí, ara mi ń ṣọ́wó ná: ọkàn ń lù díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ mi tutù. Ní báyìí tí owó dé, gbèsè ló ń san: ooru ara, iṣan, ọkàn fúnra rẹ̀. Ṣe ni wọ́n tún bu oúnjẹ kún un.

Ebi wá dé bí àgbàrá. Ẹ̀rù bà mí pé n kò ní yó mọ́ láé. Dókítà sọ fún mi nípa ọkùnrin 36 tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Ancel Keys fi ebi pa fún ìwádìí ní Yunifásítì Minnesota ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1944. Ara wọn le, àwọn fúnra wọn ló sì yọ̀ǹda ara wọn. Lẹ́yìn tí oúnjẹ padà, ọ̀pọ̀ wọn jẹ, jẹ, wọn ò yó fún oṣù púpọ̀. Ebi gan-an ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo di ọ̀rọ̀ yẹn mú.

Ikùn ni ọ̀rá kọ́kọ́ kó sí, ó sì dùn mí gan-an; ó pẹ́ kó tó tàn ká ara. Irun wẹ́wẹ́ tó hù sí apá mi nígbà tí ebi ń pa mí re dànù. Lọ́jọ́ tí nǹkan oṣù mi padà dé, nọ́ọ̀sì yẹn ni mo kọ́kọ́ pè.