Ẹ Gbé Ìṣáná Yẹn Sílẹ̀: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Ará Ilé Lórí Ohun Tó Ń Ba Ayé Jẹ́

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ẹnì kan dáná sun igbó torí pé ó fẹ́ pa ọ̀yà. Ọ̀yà méjì ló rí pa. Iná yẹn wọ oko kòkó, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí oko kaṣú, nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, igi tí wọ́n ti ń kórè lórí ẹ̀ láti bí 20 ọdún ti di èédú, ìyá tó ni oko kàn jókòó sílẹ̀ ni, kò lè sọ̀rọ̀, torí owó kòkó yẹn ló fi ń rán àwọn ọmọ níléèwé.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí n kọ ìwé yìí. Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń kọ ebè, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣáná ni mo bá wá. Àṣìṣe kan náà ni mò ń rí lóko, lẹ́yìnkùlé, lẹ́bàá títì: koríko bá ti gbẹ, ẹ ṣáná sí i, ọ̀rá bá ti pọ̀, ẹ ṣáná sí i.

Ẹ ń gbọ́ ọ lórí rédíò pé ayé ń gbóná, igbó ń tán, ilẹ̀ ń ṣá, afẹ́fẹ́ ti dọ̀tí, ọ̀rá ti kún inú òkun. Tí mo bá sọ ọ́ nípàdé, wọ́n á ní ṣebí àwọn òyìnbó ló ní ilé iṣẹ́ ńlá ńlá, àwọn ló bà á jẹ́. Òótọ́ ni, àwọn ló bà á jẹ́ jù. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ilẹ̀ tó ń jóná lọ́dọọdún káàkiri ayé, ó lé ní ìdajì tó jẹ́ ilẹ̀ Áfíríkà níbí, àwa náà la sì ń kọ́kọ́ fara gbá a.

Ooru àti òjò

Gáàsì kan wà tí wọ́n ń pè ní kábọ́n dayọ́ksáìdì, inú èéfín ló ti ń jáde, ìbáà jẹ́ èéfín igi, ti bẹntiróòlù, ti dísù tàbí ti èédú tí wọ́n ń wà nílẹ̀. Kì í jẹ́ kí ooru ayé ráyè jáde, bí ìgbà tí èèyàn bá fi aṣọ òtútù bora lọ́sàn-án gangan. Kí ilé iṣẹ́ tó pọ̀ láyé, tí ẹ bá pín afẹ́fẹ́ sí mílíọ̀nù kan, 280 péré ló jẹ́ gáàsì yìí, ní báyìí ó ti lé ní 420. Ní 2015, àwọn orílẹ̀-èdè ṣèpàdé ní Paris, wọ́n ní àwọn á sa ipá kí ooru ayé má fi ju dígíríì 1.5 lọ sí ti àtijọ́. Ọdún 2024 nìkan ti kọjá ibẹ̀, kò sì tíì sí ọdún tó gbóná tó o látìgbà tí wọ́n ti ń wọn ooru.

Ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ lóko, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Òjò àkọ́rọ̀ á rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ á gbin àgbàdo, òjò á dáwọ́ dúró, gbogbo ẹ̀ á gbẹ, ẹ á tún ra irúgbìn míì. Tó bá sì wá fẹ́ rọ̀ tán, á rọ̀ bí ẹni da omi nù. Ẹ rántí Ìbàdàn ní 26 August 2011, èèyàn tó lé ní 100 ló bá omi lọ, ìdọ̀tí tí a dà sójú omi wà lára ohun tó jẹ́ kí ó burú tó bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé kan ṣáájú ìgbà yẹn, odò Ògùnpa ti ṣe é fún wọn rí, 31 August 1980, a ò sì kọ́gbọ́n.

Eérú kọ́ ni ajílẹ̀

Ibí ni mo ti máa pẹ́ díẹ̀, torí ibí ni àríyànjiyàn máa ń wà. Wọ́n á ní àwọn jó ilẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àgbàdo sì dúdú minimini. Bẹ́ẹ̀ ni, ọdún àkọ́kọ́. Pọ́táàṣì, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn kan, máa ń kù nínú eérú, òun lẹ rí yẹn. Ṣùgbọ́n náítírójìn, oúnjẹ ohun ọ̀gbìn míì tó wà nínú koríko yẹn, bá èéfín lọ, ekòló kú, ilẹ̀ wà ní ìhòòhò, òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ á gbá eérú àti ilẹ̀ dúdú òkè yẹn lọ sódò. Ní ọdún kẹta ẹ á wá máa ra àpò ajílẹ̀ òyìnbó 15:15:15 kí ẹ tó rí nǹkan kó, ẹ á sì máa sọ pé àwọn ará ilé ló ń ṣe yín.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Punjab ní Íńdíà, tí wọ́n bá ti kórè ìrẹsì tán, ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta péré ló kù kí wọ́n gbin àlìkámà, ni wọ́n bá ń jó pòròpórò ẹ̀ kó lè yá, lóṣù October sí November èéfín yẹn á bá ti ọkọ̀ àti ilé iṣẹ́ bo Delhi, olú ìlú wọn, títí wọ́n á fi máa ti iléèwé pa. Ní Indonesia ní 2015, wọ́n ń sun igbó nítorí oko ọ̀pẹ, iná wọ inú ilẹ̀ ẹrẹ̀ tó ti gbẹ, ó ń jó lábẹ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan, èéfín dé Malaysia àti Singapore. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Gánà, 1983: ọ̀dá mú, iná ọdàn wọ oko kòkó, ìdílé tó jẹ́ pé kòkó nìkan ni wọ́n gbójú lé bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ẹ ẹ̀ rí i pé kòkó kì í ṣe nǹkan tí èèyàn ń gbìn lónìí kó kó o lọ́la.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe rèé. Tí ẹ bá kórè àgbàdo tán, ẹ gé pòròpórò ẹ̀ sí ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, ẹ tẹ́ ẹ sáàárín ebè, kó nípọn ní íǹṣì 3 sí 4, kó jìnnà sí ìdí ohun ọ̀gbìn ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ kó o jọ síbì kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ́tùn-ún lósì: gbígbẹ íǹṣì 6, ewé tútù íǹṣì 3, ìgbẹ́ adìyẹ tàbí ti ewúrẹ́ íǹṣì 2, ẹ wọ́n omi sí i, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ látòkè títí yóò fi kan àyà yín. Tí ẹ bá bù ú tí ẹ fún un, omi kán méjì mẹ́ta ló yẹ kó jáde, tó bá ń ṣàn, ó ti pọ̀ jù. Ẹ yí i po ní ọjọ́ 14, ẹ tún yí i ní ọjọ́ 28 àti 42. Ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 ó ti di ajílẹ̀. Èèpo kòkó náà wà lára ẹ̀, àmọ́ ẹ má kó o jọ sábẹ́ igi kòkó, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú ń ti ara ẹ̀ padà sórí igi.

Ẹ̀yin ìyá tó ń jó èèpo kòkó fún ọṣẹ dúdú, mi ò ní kí ẹ pa iṣẹ́ yín tì. Inú dúrọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti jó o, láàárọ̀ kùtù kí atẹ́gùn tó dìde, kí kẹ́ẹ̀gì omi 25 lítà méjì wà nítòsí, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí á fi kú pátápátá.

Fún ààlà oko, ẹ ro ẹsẹ̀ bàtà 15 yí i ká kí ilẹ̀ mọ́ kanlẹ̀ kí November tó parí, ẹ tún gbá ewé kúrò níbẹ̀ ní January. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta tí àwọn kan ń ro yẹn, ẹ̀tàn lásán ni, mo ti rí iná tó fò ó.

Nínú ilé

Pílásítíìkì tí wọ́n ń ṣe láyé lọ́dún kan ju 400 mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ, èyí tí wọ́n ń tún lò nínú ẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá. Tiwa ni ọ̀rá píọ̀ wọ́tà. Tí ẹ bá jó o, ó lè tú májèlé tí wọ́n ń pè ní dáyọ́síìnì jáde, pàápàá tí páìpù PVC tàbí wáyà bá wà láàárín ẹ̀, á balẹ̀ sórí koríko, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, á wọnú ọ̀rá ara ẹ̀, ẹ̀yin náà á wá jẹ ewúrẹ́. Ẹ má jó o. Ẹ ṣan án, ẹ sá a, ẹ kó o sínú àpò ìrẹsì, àwọn tó ń ra á wà ní ọjà ńlá gbogbo. Mo mọ̀ pé owó ẹ̀ kò pọ̀.

Èéfín ilé ìdáná náà ńkọ́? Àjọ ìlera àgbáyé ní afẹ́fẹ́ ìdọ̀tí inú ilé pa èèyàn bíi 3.2 mílíọ̀nù ní 2020, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fa á símú. Igi tí ẹ bá fẹ́ fi dáná, kó ti gbẹ fún oṣù mẹ́fà, kí ilé ìdáná ní fèrèsé méjì tó dojú kọra, kí ọmọ má sùn síbẹ̀.

Tí iná bá wá ṣẹ́ yọ lóko ẹlòmíì, ẹ má sáré wọ inú ẹ̀ láti lọ kó ẹrù. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, ẹ gba ẹ̀gbẹ́ kúrò, ẹ ké sí àwọn ará àdúgbò, kí àwọn tó lágbára mú ewé ọ̀pẹ tútù àti ṣọ́bìrì wá, láti ẹ̀gbẹ́ ni kí wọ́n ti máa lu iná náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró níwájú ẹ̀. Tó bá kú, kí èèyàn méjì sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí kùkùté máa ń jó lábẹ́lẹ̀ títí di ọjọ́ kejì.