Bí mo ṣe túmọ̀ fáólìn Braque

Olùkọ́ wa ní kí kálukú mú àwòrán Cubism kan, ìyẹn irú àwòrán tí wọ́n ti máa ń fọ́ nǹkan sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó tún un tò, kó sì ṣàlàyé ohun tó rí níbẹ̀. "Violin and Palette" ni mo mú, èyí tí Georges Braque, ọmọ Faransé, kùn lọ́dún 1909. Musíọ̀mù Guggenheim ní New York ló wà, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti wò ó.

Mi ò kọ́kọ́ ka ohun tí ẹnikẹ́ni sọ nípa rẹ̀. Mo kàn ń kọ ohun tí ojú mi dá mọ̀ sílẹ̀, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Àwòrán náà ga, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́: gíga rẹ̀ lé ní 91 sẹ̀ǹtímítà, ìbú rẹ̀ ò tó 43. Fáólìn ló wà nísàlẹ̀, ìwé orin tẹ̀ lé e, pátákó tí wọ́n fi ń po ọ̀dà sì so rọ̀ lókè téńté.

Fáólìn yẹn ni mo pẹ́ sí jù. Ó fọ́ yángá, síbẹ̀ o ṣì máa rí ọrùn rẹ̀, okùn rẹ̀ àtàwọn ihò àyà rẹ̀. Èmi náà ń ta fáólìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Téèyàn bá ti gbé e sí èjìká, kì í rí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ mọ́. Ọwọ́ ló máa ń mọ ibi tójú ò dé. Ohun tí Braque kùn nìyẹn lójú tèmi.

Ìgbà tí mo débi ìṣó tó gbé pátákó náà dúró ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìṣó yẹn ò fọ́ rárá! Ó yọrí síta, òjìji rẹ̀ sì hàn lára ògiri, kedere bí ìṣó tó o lè fi fìlà kọ́. Akunlé ni bàbá Braque, iṣẹ́ yẹn lòun náà kọ́kọ́ kọ́, nítorí náà ó mọ bí wọ́n ṣe ń kun nǹkan kó jọ ara rẹ̀. Ó mọ̀ọ́mọ̀ fọ́ fáólìn náà ni.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé kí àwọn ayàwòrán Cubism lè fi gbogbo ìhà nǹkan hàn lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ṣe ń kùn bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ló wá fọ́ ògiri? Àlàfo tó yí fáólìn ká fọ́ bíi tirẹ̀, débi pé o ò ní mọ ibi tí igi parí sí. Mo kọ ọ́ pé Braque sọ àlàfo náà di ohun tó ṣeé fọwọ́ bà.

Aṣọ aláwọ̀ ewé tó wà lápá ọ̀tún lókè ńkọ́? Ẹnì kan ní kíláàsì ní aṣọ orí ìtàgé ni. Mi ò rí ohun tó tì í lẹ́yìn nínú àwòrán náà, torí náà mi ò kọ ọ́ sí tèmi.