Bí mo ṣe lé nọ́ńbà méje jáde, àti wàhálà tó tẹ̀lé e

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé tí rẹfirí bá ti na rẹ́ẹ̀dì káàdì sókè ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn, ẹ wá gbọ́ o. Mo máa ń fọn fèrè fún bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdírì ní Yábà, lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí ilé ìwé kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó ló wá bá àwọn ará ibí gbá, pápá tí ò ní ògiri, tí èrò dúró lé ìlà lórí.

Nọ́ńbà méje àwọn àlejò yẹn mọ bọ́ọ̀lù gan-an, ẹnu ẹ̀ ni ò sinmi. Yẹ́lò kan ti wà lọ́rùn ẹ̀ torí ó gbá bọ́ọ̀lù dànù lẹ́yìn tí mo ti fọn fèrè. Nígbà tó di sẹ́kọ́ńdì háàfù, láìnsìmáànì gbé fílágì sókè fún ọ́fúsáìdì, ni bọ̀bọ́ yìí bá sáré lọ bá a, ó na ìka márààrún sí i lójú, ó tún fi ìyá ẹ̀ bú u, ẹni tó tó bàbá tó bí i lọ́mọ! Mo fa pupa yọ tààrà.

Àwọn kan ń pariwo pé yẹ́lò kejì ni. Rárá o. Èébú tàbí kéèyàn fọwọ́ ṣe ìṣe àbùkù, pupa ni lábẹ́ Òfin 12 nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù, ì báà ní yẹ́lò tẹ́lẹ̀ ì báà má ní, láìnsìmáànì náà sì wà nínú àwọn tí òfin ń dáàbò bò. Ẹ má fojú kékeré wo ìyàtọ̀ yẹn, torí nínú ìdíje púpọ̀ ìjìyà pupa tààrà máa ń ju ti yẹ́lò méjì lọ.

Ọmọ ò lọ. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú sà," ló ń wí. Mi ò bá a jiyàn, mi ò fọwọ́ kàn án, mo kàn sún sẹ́yìn, mo ní kí kápítẹ́ẹ̀nì wọn mú un jáde. (Rattín, kápítẹ́ẹ̀nì Ajẹntínà, náà kọ̀ láti kúrò lórí pápá Wembley nígbà tí rẹfirí lé e ní Wọ́ọ̀lù Kọ́ọ̀pù 1966, kò tíì sí káàdì nígbà yẹn, ọdún 1970 ní Mẹ́síkò ni wọ́n kọ́kọ́ lò ó.) Kóòṣì wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun máa kó gbogbo ọmọ òun lọ. Mo fún òun náà ní yẹ́lò, òfin ti gbà á láti 2019, mo wá sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ẹni mẹ́wàá ló kù fún un, kò lè fi ẹlòmíì rọ́pò ẹ̀, tí wọn ò bá sì pé méje mọ́, màá dá eré dúró, màá kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ síwèé.

Ibi tó ṣòro jù rèé: òfin ní ẹni tá a lé kò gbọdọ̀ sí nítòsí pápá mọ́, kì í ṣe bẹ́ńṣì ló máa jókòó sí. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni, ṣé kí n lé e sáàárín dáńfó àti agbèrò ní Yábà nínú jẹ́sì ni? Mo rí àwọn rẹfirí tó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, inú máa ń bí mi. Mo bẹ tíṣà obìnrin tó bá wọn wá, àǹtí yẹn ló jókòó tì í nínú bọ́ọ̀sì títí eré fi parí.

Lẹ́yìn eré, géèmù másítà wọn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ kàn kọ ọ́ sí yẹ́lò méjì." Mo ní kò ṣeé ṣe, sà. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo kọ ìròyìn: ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà jẹ́sì, ẹni tó bú, àti èébú náà gẹ́lẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọ "ó hùwà tí kò dáa" lásán, ìgbìmọ̀ ò ní mọ ohun tí wọ́n máa dá lẹ́jọ́. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ náà bẹ̀bẹ̀, bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Láìnsìmáànì kọ tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìgbìmọ̀ ní kí ọmọ náà jókòó fún eré méjì. Kóòṣì gba lẹ́tà ìkìlọ̀ lásán, mi ò rò pé ìyẹn tó o, ẹni tó ti ń bú láìnsìmáànì lójú àwọn ọmọ látìgbà tí eré ti bẹ̀rẹ̀.