Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Omi àti Túùbù Kọ́ńdẹ́ńsà Ẹ̀rọ Chiller

Kí ẹ tó tú bóòtù kan ṣoṣo lára chiller, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù láti fi mú ilé tutù, ẹ kọ́kọ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ohun tí mo máa ń wá níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìwọ̀n ooru tí gáàsì inú kọ́ńdẹ́ńsà (apá ibi tí gáàsì ti ń fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún omi inú túùbù) fi ń di olómi àti ìwọ̀n ooru omi tó ń jáde kúrò nínú rẹ̀. Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ 2°C nígbà tí túùbù mọ́, tí ó wá ń yọ́ gòkè títí ó fi dé 5°C, bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe àti omi tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò yí padà, a jẹ́ pé nǹkan ti lẹ̀ mọ́ inú túùbù. Afẹ́fẹ́ tó bá yọ́ wọ àárín gáàsì náà lè fa irú rẹ̀, nítorí náà ẹ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó dá omi lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n omi ló sábà máa ń jẹ̀bi. Bí omi ṣe ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ nínú cooling tower, ilé gogoro tí omi kọ́ńdẹ́ńsà ti ń tutù, kì í gbé kálísíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ dání. Ẹ̀yìn ló ń fi í sílẹ̀ sí, omi tó kù á sì máa ki sí i. Kálísíọ́ọ̀mù kábónéètì kò sì dà bí ṣúgà tó máa ń yára yòrò nínú omi gbígbóná: bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ó ń kọ̀ láti yòrò, ìdí sì nìyí tó fi jẹ́ pé ara túùbù, níbi tí omi ti ń gba ooru, ló ti ń di èépá funfun líle.

Nítorí èyí, a gbọ́dọ̀ máa da díẹ̀ nù nínú omi náà. Mítà tó ń wọn bí omi ṣe ń gbé iná kọjá ni ẹ ó fi mọ ìwọ̀n rẹ̀. Bí omi tuntun bá fi 300 µS/cm hàn, tí omi tower sì fi 1,200 hàn, omi yín ti ki ní ìlọ́po 4. Kí ó lè dúró síbẹ̀, lítà 90 tó bá fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́ ní láti bá lítà 30 tí ẹ dà nù rìn, kí 120 sì wọlé dípò wọn. Ẹni tó ti fáàfù tí a fi ń da omi yìí nù pa torí àtifi omi pamọ́ yóò fi owó iná san án.

Ti kòkòrò àìfojúrí kò gba ìfàfalẹ̀. Awọ yíyọ̀ tí wọ́n ń ṣe sára túùbù ń dí ooru lọ́nà ju èépá tó nípọn tó o lọ, irin sì máa ń jẹ ihò lábẹ́ rẹ̀. Legionella, tó ń fa àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, máa ń gbèrú nínú omi tó wà láàárín 20 sí 45°C, ìwọ̀n ooru cooling tower gan-an. Bí pH omi yín, ìwọ̀n tó ń fi hàn bóyá omi kan tàbí kò kan, bá ti kọjá 8, agbára tí kílórínì fi ń pa kòkòrò ti dínkù púpọ̀. Brómínì ni mo fara mọ́ níbẹ̀. Ẹ máa fi oògùn apakòkòrò irú mìíràn gbà á láàárín.

Nígbà tí ó bá wá di dandan láti fọ túùbù, ẹ pa iná ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi àgádágodo tì í. Ẹ ti fáàfù omi méjèèjì, kí ẹ fa omi gbẹ, kí ẹ tó ṣí ìdérí. Ojú ẹsẹ̀ ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹrẹ̀ tó ṣì rọ̀ bí ọ̀rá ní òwúrọ̀ yóò ti gan bí amọ̀ sísun tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i di ọjọ́ kejì. Búrọ́ọ̀ṣì náílọ́ọ̀nù tó bá fífẹ̀ inú túùbù mu ni kí ẹ lò, kí omi máa ṣàn tẹ̀ lé e. Ẹ má fi wáyà irin ha inú túùbù bàbà. Bí èépá bá kọ̀ tí kò ṣí, ásíìdì tí a ti po oògùn adáàbòbò irin mọ́ ló kù, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòjú. Ásíìdì ni a ń dà sínú omi, a kì í da omi sínú ásíìdì.

Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú túùbù kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó dé e. Èyí tó bá jò, ẹ dí i lẹ́nu méjèèjì. Ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, kí ẹ tan ẹ̀rọ, nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ bá sì ti dúró dáadáa, kí ẹ kọ ìyàtọ̀ ooru tuntun náà sínú ìwé.